Datong ní Shanxi: ṣé èédú nìkan ló wà níbẹ̀?

Àyìnkẹ́ Beijing

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iléèwé gíga kan ní Beijing ni mo wà, ọdún kejì mi rèé. Ìsinmi oṣù Kẹwàá ń bọ̀, mo sì ti búra pé n kò ní fi sùn sínú yàrá bíi ti èṣí. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ṣáínà, ní kí n lọ wo Datong. Mo bá dárúkọ ẹ̀ fún olùkọ́ wa, ló bá bú sẹ́rìn-ín: kí ni mo fẹ́ lọ wá níbẹ̀, ṣé èédú ni? Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹni tó bá wọ aṣọ funfun dé Datong láàárọ̀, tó bá fi máa dalẹ́ kò ní mọ àwọ̀ aṣọ ara ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ní, owó ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí. Ṣé ìlú náà tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ wọ reluwé? Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Taiyuan

Àyìnkẹ́, jẹ́ kí olùkọ́ ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Taiyuan, olú-ìlú Shanxi, ni mo ń gbé láti ọdún mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì ti dé Datong. Òun náà kò purọ́ o. Èédú ni gbogbo Ṣáínà mọ ìlú yẹn mọ́, "olú-ìlú èédú" ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ kí èédú tó di nǹkan, ọba ti jẹ níbẹ̀.

Lọ́dún 398, àwọn Tuoba, ìran kan lára ẹ̀yà Xianbei, darandaran tó ń gẹṣin láti ìhà àríwá, fi ibẹ̀ ṣe olú-ìlú wọn. Pingcheng lorúkọ ìlú náà nígbà yẹn. Ìjọba Wei Àríwá ni ìtàn ń pè wọ́n. Wọ́n lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún níbẹ̀ kí wọ́n tó kó lọ sí Luoyang ní 494. Ọba tó kó wọn lọ, Xiaowen, òun náà ló fòfin dè é pé ìjòyè kankan kò gbọdọ̀ sọ èdè Xianbei láàfin mọ́, èdè Ṣáínà ni kí wọ́n máa sọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àwa tí tíṣà na nítorí pé a sọ fàńnákúlà ní kíláàsì, àlejò ló kọ́ tíṣà wa bẹ́ẹ̀. Ọba yìí, èdè baba tirẹ̀ gan-an ló fòfin dè. Lónìí kò sí ẹnì kan láyé tó ń sọ Xianbei mọ́.

Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni Yungang, ihò àpáta tí wọ́n gbẹ́ ère Búdà sí, bíi kìlómítà mẹ́rìndínlógún sí ìwọ̀-oòrùn ìlú. Gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 446, ọba kan nínú wọn, Taiwu, dojú ìjà kọ ẹ̀sìn Búdà, ó wó tẹ́ńpìlì, ó pa àlùfáà. Lẹ́yìn tó kú, ọmọ ọmọ rẹ̀, Wencheng, dá ẹ̀sìn náà padà. Nígbà tó di nǹkan bí 460, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Tan Yao gba àṣẹ láti gbẹ́ ihò márùn-ún sínú àpáta, Búdà ńlá kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà ni pé ọba márùn-ún inú ìdílé náà ni ère márààrún dúró fún. Ẹ wo ọgbọ́n àlùfáà! Ẹni tó bá tún fẹ́ fọ́ Búdà lọ́jọ́ iwájú, ojú baba ńlá ọba ni yóò máa fọ́.

Ihò 16 sí 20 ni àwọn márùn-ún ọ̀hún. Ní ihò 20, ògiri iwájú ti wó tipẹ́, nítorí náà gbangba ni Búdà náà jókòó sí, ó ga ní mítà 13.7. Gbogbo ihò tó wà níbẹ̀, kékeré àti ńlá, jẹ́ 252, ère inú wọn sì tó 51,000. Àwọn kan nínú ère kékeré kò ní orí mọ́. Àwọn olè gé e láyé ọjọ́un, wọ́n tà á sókè òkun. Àwa tí a mọ ibi tí àwọn ère Ifẹ̀ àti ti Ìbíní kan wà lónìí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún wa.

Ṣèyí Ṣèyí

Èédú? Ṣé èédú kò sí ní Òkè-Ògùn ni? Ẹ padà sílé, ẹ wá wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ 😂

Ọmọ Ìjẹ̀bú Taiyuan

Ìyẹn ti igi ni, ẹ̀gbọ́n. Èyí tí à ń wí yìí, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, òkúta ni.

Bàbá Reluwé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ reluwé ni mo ṣe ní Ìbàdàn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi tó ń ṣòwò ní Guangzhou ló mú mi lọ sí Ṣáínà, ó ní kí n sọ ibi tí mo bá fẹ́ lọ. Ó rò pé Beijing ni màá sọ. Mo ní Datong. Ó wò mí bí ẹni pé ọjọ́ ogbó ti ń dà mí láàmú.

Ẹ̀yin kò mọ̀ pé Datong ni ibi ìkẹyìn láyé tí wọ́n ti ń rọ ẹ́ńjìnnì reluwé ńlá tó ń fi èédú àti omi híhó rìn. Ní 1954 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Qianjin, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ẹ tẹ̀ síwájú". QJ ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀. Wọ́n rọ ohun tó lé ní 4,000. Nígbà tí Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ti gbé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí àwa náà ti ń lo dísù nílé, Datong ṣì ń rọ tuntun. Oṣù Kejìlá ọdún 1988 ni èyí tó kẹ́yìn jáde.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé òye ni kò yé wọn. Rárá o! Epo wọ́n, èédú ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tí iṣu rẹ̀ ta lóko, ṣé yóò máa ra búrẹ́dì? Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí padà sí ẹ́ńjìnnì oníná mànàmáná, iléeṣẹ́ náà sì ń ṣe é di òní.

Àyìnkẹ́, bí o bá dé ẹnu ọ̀nà wọn, má yọ fóònù síta láti ya fọ́tò o. Béèrè kọ́kọ́. Àwọn ẹṣọ́ ibẹ̀ kì í ṣeré.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí o wò ni ojú irin tí wọ́n ń pè ní Daqin. Láti Datong ló ti gbéra, ó gùn ní kìlómítà 653, ó já sí èbúté Qinhuangdao létí òkun. Èédú ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣí apá kìíní ní 1988, wọ́n parí ìyókù ní 1992. Reluwé kan ṣoṣo lórí rẹ̀ lè gbé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún tọ́ọ̀nù, yóò gùn ju kìlómítà méjì àbọ̀ lọ. Mo dúró lórí òkè kan wo ọ̀kan. Mo ka oríkì wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìrù reluwé náà kò tíì kọjá. Ní 2010 nìkan, èédú tó gba ibẹ̀ kọjá lé ní irínwó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Iná tó ń tàn ní Shanghai àti Guangzhou, púpọ̀ nínú rẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ìhà ibẹ̀ ló ti wá.

Alhaja Kékeré

Àṣálámù àláékùm. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni tèmi. Wọn yóò ní kí o jẹ dao xiao mian, nọ́dù tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ fá. Oníṣẹ́ náà yóò gbé odidi ìyẹ̀fun pípò lé apá, yóò sì máa fá a sínú omi híhó, fẹ́rẹ́ fẹ́rẹ́ fẹ́rẹ́, kò ní wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ó dùn ún wò. Àmọ́ bí o bá jẹ́ mùsùlùmí, mọ̀ pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ fi ń se ọbẹ̀ rẹ̀. Wá ilé tí wọ́n kọ qingzhen, ìyẹn hàlálì, sí lára, pátákó wọn sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé. Mọ́sálásí àtijọ́ kan wà láàárín ìlú àtijọ́ níbẹ̀, ilé oúnjẹ wa sì máa ń wà nítòsí irú ibẹ̀. Bí Ṣáínà ni wọ́n kọ́ mọ́sálásí náà, òrùlé rẹ̀ tẹ̀ sókè létí. Mo kọjá á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀ pé òun ni.

Àwọn ará Shanxi kò lè jẹun láìsí ọtí kíkan. Orí tábìlì ló máa ń wà bí omi. Èmi kọ́kọ́ kórìíra ẹ̀. Ní báyìí mo ń dà á sí ẹ̀wà. Gbé ata tìẹ lọ́wọ́ o, tiwọn kò ta tó.

Ẹ̀kẹta, òtútù. Ìlú yẹn lé ní ẹgbẹ̀rún mítà sókè ju òkun lọ, ó sì gbẹ. Rántí ọyẹ́ ilé, sọ ọ́ di mẹ́ta. Oṣù Kẹwàá lásán, ètè mi ya. Mú òrí dání.

Ojú Ń Wò

Gbogbo yín ń yìn ín, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Wọ́n á mú ẹ lọ wo odi ìlú, wọ́n á ní Xu Da, ọ̀gágun ayé ìjọba Ming, ló mọ ọ́n ní 1372. Òótọ́ ni pé ó mọ ọ́n. Àmọ́ bíríkì tí ojú ẹ máa rí yẹn, púpọ̀ nínú ẹ̀ kò tó ọdún ogún. Láàárín 2008 sí 2013, olórí ìlú tó ń jẹ́ Geng Yanbo ní kí wọ́n wó ilé láìmọye, kí wọ́n tún odi àti àdúgbò "àtijọ́" kọ́. Àwọn ìdílé tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ìran dé ìran kó jáde. Wọ́n wó ilé tó ti gbó lóòótọ́, wọ́n fi ilé tuntun tó múra bí àgbà rọ́pò ẹ̀. Mo rìn lórí odi náà, ó dára, iná aláràbarà wà lálẹ́, àmọ́ inú mi ò dùn. Nínú odi, àwọn òpópónà kan wà tí ṣọ́ọ̀bù kún, tí èèyàn kò sí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Taiyuan

Ojú Ń Wò, n kò ní bá yín jiyàn lórí bíríkì. Àmọ́ ẹ parí ìtàn yẹn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ọkùnrin yẹn kúrò ní 2013, àwọn ará ìlú tú jáde, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ, nígbà tí àwọn mìíràn ń bú u. Taiyuan níbí ni wọ́n gbé e wá. Àwa náà rí katakata rẹ̀. Ohun tó ń rò ni pé èédú yóò tán lọ́jọ́ kan, kí ni ìlú yóò jẹ? Ó jẹ gbèsè, ó wó ilé onílé, ìyẹn kò ṣeé gbójú fò. Síbẹ̀ ẹni tó bá rántí bí Datong ṣe rí ṣáájú ìgbà yẹn yóò sọ fún yín pé èéfín ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Àní ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ èédú ń gbà kọjá níwájú Yungang fúnra rẹ̀, ọdún 1998 ni wọ́n tó yí i gba ibòmíràn. Ṣáájú ìgbà náà, eruku dúdú ń bà lé Búdà lórí ní ọ̀sán àti òru. Ní 2001 ni UNESCO tó gba Yungang wọlé sínú àkọsílẹ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé.

Ojú Ń Wò

Mo gbọ́. Mo ṣì ń sọ pé kó wo Ògiri Drágónì Mẹ́sàn-án kó tó wo odi. Ìyẹn kì í ṣe àdàmọ̀dì. 1392 ni wọ́n ṣe é síwájú ààfin ọmọ ọba Ming kan, Zhu Gui. Ààfin jóná nígbà tí ìjọba Ming ń ṣubú, ògiri kù. Ó gùn ní mítà 45.5, ó ga ní mítà mẹ́jọ. Àyìnkẹ́, èyí tó wà ní Beihai ní Beijing tí ẹ ń tò láti yà fọ́tò, ọmọ ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà kó wọ tẹ́ńpìlì Huayan. Ilé ìkówèésí ẹ̀sìn tó wà níbẹ̀, ọdún 1038 ni, ayé ìjọba Liao, kí Datong tó di olú-ìlú apá ìwọ̀-oòrùn wọn ní 1044. Wá ère obìnrin tó pa ọwọ́ pọ̀, tó ṣí ẹnu díẹ̀ débi pé eyín ẹ̀ hàn. N kò tíì rí ère ẹ̀sìn tó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Tọ́lá Arìnrìnàjò

Àyìnkẹ́, ohun tí kò sẹ́ni tó tíì sọ fún ẹ: MÁ LỌ ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹwàá. Gbogbo Ṣáínà ló ń rìnrìn àjò nígbà náà. Láti ọdún 2024 tí eré kọ̀ǹpútà kan lórí ìtàn Ọba Ọ̀bọ ti jáde, tí wọ́n ya àwọn tẹ́ńpìlì Shanxi sínú ẹ̀, èrò tún ti di ìlọ́po. Mo débẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù, ẹ̀yìn orí àwọn èèyàn ni mo wò. Yẹ̀ ẹ́ sí ọ̀sẹ̀ mìíràn tí wọ́n bá gbà fún ẹ.

Reluwé ayára-bí-àṣá ti wà láti 30 oṣù Kejìlá 2019. Tó o bá mú èyí tó yá jù láti Beijing, kò tó wákàtí méjì. Páásípọ́ọ̀tù lo máa fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, òun náà lo máa fi wọlé, má gbé e sílé. Ibi ìgbafẹ́ gbogbo náà, lórí fóònù ni wàá ti san án sílẹ̀.

Tẹ́ńpìlì Tí A So Kọ́ wà ní Hunyuan, bíi kìlómítà márùndínláàádọ́rin sí ìlú. 491 ni ìtàn sọ pé wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ, sí ẹ̀gbẹ́ àpáta, òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń wò ẹ́. Òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ yẹn, òun kọ́ ló ru ilé. Igi ńlá tí wọ́n kì bọnú àpáta ló rù ú. Owó ìwọlé ọ̀tọ̀, owó gígùn-ún ọ̀tọ̀, iye èèyàn tí wọ́n ń jẹ́ kó gùn ún lóòjọ́ kò pọ̀, nítorí náà tètè rà á. Nínú yàrá kan lókè, Búdà, Laozi àti Confucius, ẹ̀sìn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, jókòó pọ̀ lójú kan. Mo rántí agbo ilé wa, tí bàbá ń lọ mọ́sálásí, ìyá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí bàbá àgbà sì ń bọ Ògún.

Ní gúúsù, ní Yingxian, ilé gogoro onígi kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1056, ó ga ní mítà 67, kò sí ìṣó nínú ẹ̀, igi tó wọ igi ni. Ó ti ń dagun, nítorí náà ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kéèyàn wọ̀. Ọjọ́ kan lè ṣe méjèèjì tí ẹ bá pọ̀ tí ẹ jọ háyà ọkọ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì: pè wọ́n kó o tó san owó. Èmi, mo dé òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan lágogo mẹ́wàá alẹ́, ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì wo páásípọ́ọ̀tù mi, ó ní àwọn kì í gba àlejò. Ìjọba ti ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, àmọ́ kì í ṣe àárín òru lo ti máa bá wọn ka òfin.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Taiyuan

Ó ku kan. Tí o bá wo Yungang tán, má sáré lọ. Odò kékeré kan ni ó pààlà láàárín rẹ̀ àti kùsà Jinhuagong. Wọ́n ti sọ apá kan rẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n máa ń wọ̀ ọ́ láṣọ awakùsà, wọ́n á de àkẹtẹ̀ oníná sí ọ lórí, ẹ ó sì jọ sọ̀kalẹ̀. Béèrè kí o tó lọ bóyá wọ́n ṣí.

Tí ọkàn ẹ bá gbà á, Meiyukou náà wà, ibi ìrántí àwọn awakùsà tó kú. Láti 1937 dé 1945, àwọn ọmọ ogun Jàpáànù gba ìlú náà nítorí èédú. Ẹni tí iṣẹ́ bá ti pa tàbí tí àìsàn bá ti dá dùbúlẹ̀, inú ihò ni wọ́n ń jù ú sí. Àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ sọ pé awakùsà tó kú lé ní 60,000. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan, n kò lọ mọ́.

Lójú ọ̀nà, wàá rí ilẹ̀ tó rì nítorí pé wọ́n ti wà á nísàlẹ̀, wọ́n sì ti to páńẹ́ẹ̀lì tó ń gba iná látara oòrùn sórí rẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ. Ọ̀kan wà tí wọ́n tò ní àwòrán páńdà. Tòótọ́.

Àyìnkẹ́ Beijing

Mo ti dé o! Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Àárín oṣù ni mo lọ, bí ẹ̀gbọ́n Tọ́lá ṣe wí. Òórọ̀ kùtùkùtù ni mo dé Yungang, níwájú ihò 20, èèyàn mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan ojú ère náà. N kì í ṣe ẹlẹ́sìn Búdà, àmọ́ mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, n kò mọ ìgbà tí mo rẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbàlagbà kan bi mí bóyá òun lè fọwọ́ kan irun mi. Mo ní kó fọwọ́ kàn án, kó jẹ́ kí èmi náà fọwọ́ kan tiẹ̀. A jọ rẹ́rìn-ín.

Alhaja, ètè mi ya. Òrí wà nínú yàrá ní Beijing. Mo gbọ́ tán, mo gbàgbé.

Ẹ̀gbọ́n Ojú Ń Wò, mo rí obìnrin eléyín náà. Èmi náà gba tiyín gbọ́ lórí odi, àmọ́ mo rìn ín tán, nítorí àwọn bàbá arúgbó tó ń ju ẹsẹ̀ lórí rẹ̀ láàárọ̀. Àwọn kò bìkítà bóyá bíríkì náà jẹ́ tuntun.

Bàbá Reluwé, ẹ fetí sílẹ̀, sà. Nílé tí mo ti jẹ nọ́dù, mo sọ fún bàbá tó ni í pé bàbá kan wà ní Ìbàdàn tó mọ QJ. Bàbá náà gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Baba tiẹ̀ ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ yẹn, ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, fèrè ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n jí. Kò gba owó nọ́dù lọ́wọ́ mi. Ó bọ́ sínú yàrá, ó gbé QJ kékeré kan jáde, onírin, kò ju ọwọ́ mi lọ, ó ní kí n fún yín.

Ó wà lórí tábìlì mi báyìí. Ta ló ń lọ sí Ìbàdàn lóṣù Kejìlá? Kò wúwo.